Òkun Kágò ní Erékùṣù Ọmọìyá

Ẹni tó bá fẹ́ húkọ́, kó húkọ́ tán báyìí. Ẹni tó bá ní ìbéèrè, kó gbé e mì, nítorí bí mo bá ti la ẹnu, mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá mi là á. Ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn, ẹ sún mọ́ iwájú. Èmi Ọdẹ́jìnmí kì í pariwo mọ́. Ìgbà kan wà tó jẹ́ pé bí mo bá húkọ́ ní Òkè-Ìrókò, ẹtu á dùbúlẹ̀ fúnra rẹ̀ ní igbó kejì, á máa dúró dè mí. Ìyẹn ti kọjá, mi ò sì sunkún rẹ̀.

Ẹ ti ń bi mí nípa àwọn erékùṣù tó wà lẹ́yìn òkun, pé ṣé lóòótọ́ ni mo débẹ̀. Mo débẹ̀. Rírìn jìnnà là ń rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Èmi rí i, mo rí bàbá rẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tó bá ní irọ́ ni mò ń pa, kó dìde kó lọ bi òkun.

Ìyá mi ló rán mi níṣẹ́ tó gbé mi débẹ̀. Àwẹ̀ró ni àkọ́bí rẹ̀, ẹ̀gbọ́n tèmi, nítorí náà Ìyá Àwẹ̀ró ni gbogbo ìlú ń pe ìyá wa. Àwẹ̀ró fẹ́ apẹja kan tó ń jẹ́ Òkunlọlá, tó ń gbé ẹja gbígbẹ wá sí ọjà wa. Ó bá ọkọ rẹ̀ lọ sí etíkun, láti etíkun wọ́n kọjá sí erékùṣù. Níbẹ̀rẹ̀ à ń gbúròó wọn. A gbọ́ pé ó bí ọmọbìnrin, wọ́n sọ ọ́ ní Àníkẹ́. Lẹ́yìn náà ìròyìn dá. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ ra epo lọ́wọ́ ìyá wa, ẹni tó bá fẹ́ kí i lójú ọ̀nà, "Ìyá Àwẹ̀ró, ẹ kú iṣẹ́ o" ni. Ojoojúmọ́ ni ayé ń fi orúkọ ọmọ tí kò rí pè é.

Nígbà tí ojú rẹ̀ ṣú, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀ tí kò gbé e mọ́, ó pè mí sí ẹ̀gbẹ́ ẹní. Ó ní ikú ti dé ẹnu ọ̀nà, òun ló ní kó ṣì dúró. Ó ní, "Bí mo bá dé ọ̀run tí wọ́n pè mí ní Ìyá Àwẹ̀ró, kí ni màá wí? Lọ bá mi mú un wá, kí n fọwọ́ kàn án. Lẹ́yìn náà, màá lọ." Mo ní mo ti gbọ́. Kí n mú Àwẹ̀ró délé kí ìyá wa tó kú, ìyẹn ni gbogbo iṣẹ́ náà.

Mo mú Láwóyin dání. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni, ó fẹ́ ọmọ ìlú wa, ọdẹ sì ni, ṣùgbọ́n kíkí ni iṣẹ́ rẹ̀ gan-an. Gbogbo wa la mọ "ẹ kú" fún gbogbo nǹkan, ṣùgbọ́n Láwóyin ní àwọn kan tí baba ẹnikẹ́ni ò gbọ́ rí. Bí ó bá fẹsẹ̀ kọ gbòǹgbò, á bẹ gbòǹgbò. Bí ìbọn rẹ̀ bá tàsé ẹtu, á nawọ́ sí ẹtu náà, á ní, "Ẹ kú ewu o." Mo ti bá a wí títí, ó ti sú mi.

Igbó Ẹlẹ́numéjì la kọ́kọ́ wọ̀. Iwin tó ni igbó náà ga ju ọ̀pẹ lọ, ẹnu méjì ló wà lójú rẹ̀, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Ẹnu òkè ń kíni, ẹnu ìsàlẹ̀ ń búni. Ẹni tó bá dá èébú padà kò ní jáde níbẹ̀. Ẹni tí kò bá sì jẹ́ kíkí kò ní jáde pẹ̀lú. A rí egungun àwọn tó ti ṣì í ṣe lábẹ́ igi. Ẹnu òkè ní, "Ẹ kú ìrìn." Ẹnu ìsàlẹ̀ ní ojú wa dà bí oúnjẹ tí ajá bì. Ẹ̀yin náà mọ̀ mí, mi ò gba irú ẹ̀. Mo ti gbé ìbọn léjìká nígbà tí Láwóyin dì mí lọ́wọ́ mú, tó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

Ó bẹ̀rẹ̀. Ẹ kú ìkàlẹ̀, ẹ kú igbó, ẹ kú òtútù, ẹ kú àdágbé, ẹ kú àmójútó ilẹ̀, ẹ kú gíga. Kíkí gbọ́dọ̀ ní ìdáhùn, ẹnu òkè sì ń dáhùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀fun kan ṣoṣo ni ẹnu méjèèjì jọ ń lò, nítorí náà ẹnu ìsàlẹ̀ ò ráyè bú wa. Kí oòrùn tó yí, ohùn iwin ti há pátápátá. Ó fi ọwọ́ júwe ọ̀nà fún wa. Láwóyin yíjú padà, ó ní, "Ẹ kú ọ̀fun o." Àwọn èèyàn máa ń sọ pé èmi ni mo ṣẹ́gun Ẹlẹ́numéjì, mi ò sì bá wọn jiyàn, nítorí ta ló mú Láwóyin lọ?

Ní etíkun, àbùùbùtán kan wà nílẹ̀, ẹja tí wọ́n ń bù tí kì í tán. Ó ní òun á gbé wa lọ bí a bá lè já àlọ́ òun. Ó ní, "Inú omi la bí i sí, oòrùn ló tọ́ ọ dàgbà; ọjọ́ tó padà fẹnu kan ọmú ìyá rẹ̀, ọjọ́ náà ló kú." Láwóyin ń kẹ́dùn pẹ̀lú ìyá ọmọ. Èmi fi ahọ́n lá ètè mi, òógùn ti gbẹ síbẹ̀, mo ní iyọ̀ ni. Ẹja náà ní mo já a, ó sì ní kí a gun ẹ̀yìn òun.

Bó ṣe ń lúwẹ̀ẹ́ lọ ló ń sọ ìtàn ibẹ̀ fún wa. Ó ní nígbà ìwáṣẹ̀, ilẹ̀ kan ṣoṣo ni, òkè gígùn kan tó ní orí púpọ̀. Omi gun òkè náà títí ó fi ku orí nìkan. Àwọn orí wọ̀nyẹn tò kiri bí ọmọ ìyá kan nídìí àwo, òun ló fà á tí wọ́n fi ń pè wọ́n ní Ọmọìyá. Àwọn apẹja tí ogun lé kúrò nílé ló kọ́kọ́ tẹ ibẹ̀ dó. Lẹ́yìn wọn ni àwọn atukọ̀ òkèèrè wá, lẹ́yìn àwọn yẹn ni àwọn ọba tó ń ránṣẹ́ gba ilẹ̀ tí wọn ò rí rí. Nígbà tó yá, ẹja ṣí kúrò, àwọn èèyàn náà sì ń ṣí lọ. Ó ní àwọn orí kan wà nínú òkè náà tí kò sí lókè omi mọ́, pé ikùn òun máa ń ha wọ́n lára nígbà tí òun bá ń kọjá. Ó ní èéfín kan ṣoṣo ni òun ń rí báyìí, ní erékùṣù ìkẹyìn.

Erékùṣù àkọ́kọ́ funfun láti òkè délẹ̀. Láwóyin rò pé ẹ̀lúbọ́ ni. Imí ẹyẹ ni. Àwọn ẹyẹ òkun ló ni ibẹ̀, wọ́n pọ̀ débi pé ìdúró ni wọ́n ń sùn. Àgbà kan láàárín wọn tí ìyẹ́ ọrùn rẹ̀ ti rẹ̀ tán sọ fún wa pé òkè ńlá ni ibẹ̀ tẹ́lẹ̀, imí ni àwọn baba ńlá àwọn fi mọ ọ́n. Àwọn atukọ̀ òkèèrè gbé ṣọ́bìrì wá, wọ́n ní yóò mú oko àwọn dára nílé, wọ́n kó o títí òkè fi di pẹ̀tẹ́lẹ̀. Wọ́n wá, wọ́n lọ, wọn ò kí ẹnikẹ́ni. Ó ní àwọn ti ń tún un mọ. Mo bi í pé ìgbà wo ló máa parí. Ó ní bí oúnjẹ bá ń lọ déédéé, kò ní pẹ́ rárá, àwọn ọmọ ọmọ ọmọ òun lè rí ìdajì rẹ̀. Òfin wọn ni pé àlejò gbọ́dọ̀ bá wọn dá sí i kó tó lọ. Mo dá tèmi. Láwóyin ní òun ò lè ṣe é níṣojú àwọn àgbààgbà, wọ́n sì dá a dúró síbẹ̀ títí ó fi rí i ṣe.

Erékùṣù kejì, ewúrẹ́ ló ń gbé ibẹ̀, kò sì sí ewé kan ṣoṣo. Atukọ̀ kan ló sọ akọ kan àti abo kan kalẹ̀ níbẹ̀, pé bí ebi bá pa òun nígbà àbọ̀, òun á rí ẹran pa. Kò padà wá. Àwọn ewúrẹ́ jẹ koríko, wọ́n jẹ ewé, wọ́n jẹ èèpo igi, wọ́n jẹ gbòǹgbò. Koríko òkun tí omi bá gbé wá ni wọ́n ń jẹ báyìí. A bá ìgbìmọ̀ wọn níjòókòó. Ẹjọ́ tó wà nílẹ̀ ni pé ta ló jẹ igi ìkẹyìn. Láti ayé baba ńlá wọn ni ẹjọ́ náà ti wà, kò sì lè parí, nítorí ewé kan tí wọ́n mú wá ṣe ẹ̀rí, adájọ́ ló jẹ ẹ́. Wọ́n ní kí n bá wọn dá a. Mo ní kí wọ́n fi ẹni tó jẹ ti ìkẹyìn sílẹ̀, kí wọ́n bi ara wọn ta ló gbin ọ̀kan. Wọ́n ń wo fìlà mi, tí wọ́n fi ìko hun. Orí òfìfo ni mo fi kúrò níbẹ̀.

Ní ẹ̀kẹta, sójà méjì la bá. Wọ́n ti kú tipẹ́, à ń rí òkun láti inú ara wọn. Ọba kan ló fi ọ̀kan ṣọ́ ibẹ̀, ọba mìíràn ló fi èkejì. Olúkúlùkù ri òpó àsíá tirẹ̀ mọ́lẹ̀, àkísà ló sì ṣẹ́ kù lórí òpó méjèèjì. Láàárọ̀ wọ́n á to ara wọn níwájú òpó, wọ́n á bú ọba ara wọn tàánútàánú, torí iṣẹ́ ni. Bí wọ́n bá ti bú u tán, wọ́n á jọ lọ sí ìsun kan ṣoṣo tó ní omi dídùn ní gbogbo Ọmọìyá, wọ́n á bu fún ara wọn mu. Wọ́n ní kí n sọ ẹni tó ni ilẹ̀. Mo bi wọ́n pé ta ni wọ́n bá níbẹ̀ nígbà tí wọ́n dé. Wọ́n wo ara wọn, wọ́n ní alákàn ni. Mo ní ó parí. Alákàn náà yọjú ní ihò rẹ̀, ó wò wá, ó padà wọlé. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí, kò bá wọn dá sí i. Kí a tó lọ, ọ̀kan fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó bi mí bóyá ọba òun ṣì wà. Mo ní mi ò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Ó ní kò burú, ó padà sídìí òpó rẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe mí.

Ohun kan wà tí mo gbàgbé láti sọ. Ní erékùṣù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, bí omi bá ti ń kún, à ń gbọ́ ohùn ńlá kan tó rọlẹ̀ láti etí omi, tó ń wí pé, "Àgò onílé o." Lọ́dọ̀ àwọn ẹyẹ, àwọn ẹyẹ han. Lọ́dọ̀ àwọn ewúrẹ́, wọ́n ké. Àwọn sójà pa ohùn pọ̀, wọ́n ní, "Ta nìyẹn?" Omi á sì fà sẹ́yìn. Mo rò pé àṣà ibẹ̀ ni, mi ò béèrè.

Erékùṣù kẹrin ló kéré jù, ó jókòó lọ́tọ̀, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá omi dọ́gba. Igi àgbọn bíi mélòó kan, ilé kan, èéfín kan. Obìnrin kan tí irun rẹ̀ ti funfun jáde sí wa, ó fọwọ́ bo iwájú orí, ó ń wò mí. Ó ní, "Ọdẹ́jìnmí, o ti sanra." Àwẹ̀ró ni. Inú mi dùn débi pé mo jókòó sórí iyanrìn.

Ó fún wa ní ẹja àti omi àgbọn, ó sì ròyìn fún wa. Àníkẹ́ ò tíì ju ọmọ tó ń fà lẹ́yìn ìyá kiri lọ nígbà tí ibà pa á. Òkunlọlá tẹ̀ lé e lẹ́yìn ọdún díẹ̀. Ibojì wọn wà lẹ́yìn ilé, lábẹ́ igi àgbọn. Àwọn aládùúgbò ti ń wọ ọkọ̀ lọ ní ìdílé kọ̀ọ̀kan. Ìdílé tó kẹ́yìn bẹ̀ ẹ́ kó bá àwọn lọ, ó kọ̀.

Mo jíṣẹ́ ìyá wa fún un, mi ò fi kún un, mi ò yọ níbẹ̀. Ó gbọ́ ọ tán, ó fi etí aṣọ nu ojú. Ó ní, "Bí mo bá lọ, ta ni yóò máa dá òkun lóhùn?"

Ó wá là á yé wa. Òkun kì í wọ ilé onílé. Ìgbàkígbà tí omi bá kún, ó gbọ́dọ̀ kágò ná. Bí ohùn kan bá dá a lóhùn, á mọ̀ pé ilé ò ṣófo, á sì padà. Bí kò bá sí ẹni tó fọhùn, á ní ahoro ni, á wọlé. Báyìí ni àwọn erékùṣù yòókù ṣe rì nígbà tí àwọn èèyàn wọn ṣí lọ tí wọn ò fi ohun kan tó lè fọhùn sílẹ̀. Ó mọ orúkọ wọn, ó ń dárúkọ wọn bí ẹni ń dárúkọ ará ilé. Ìdáhùn tí àwọn ará ibẹ̀ sì máa ń fún un ni, "Ènìyàn ń bẹ níbí." Ó kìlọ̀ fún wa gidigidi pé a ò gbọdọ̀ wí pé "Àgò yà," nítorí ẹni tó ní àgò yà ti la ọ̀nà fún un. Mo ní kí a hú òkú méjèèjì kí a gbé wọn lọ sílé. Ó bi mí pé ní ìlú wo ni mo ti rí i tí ìyàwó ń hú ọkọ.

Mo bẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ náà, mo bẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ kejì, kò gbà. Bí mo bá ti ń wo omi, ìyá wa ni mo ń rò, pé bóyá ó ti sú ikú láti dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Ní ọjọ́ kan, Àwẹ̀ró lọ bu omi òjò ní ihò àpáta lápá kejì. Èmi àti Láwóyin jókòó síwájú ilé, à ń jẹ ẹja sísun. Omi kún. Ohùn náà ní, "Àgò onílé o." Egungun ẹja há mi lọ́fun, mi ò lè sọ̀rọ̀. Láwóyin sì dáhùn kíá bí ọmọlúàbí:

"Àgò yà o. Ẹ wá bá wa jẹun."

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Èwo nínú yín ni kì í ṣe bẹ́ẹ̀? Ẹni tó bá báni nídìí oúnjẹ, a ó ní kó wá jẹun. Òun náà á ní á gbabire, á lọ jókòó lọ́ọ̀ọ́kán, bí ebi tilẹ̀ ń pa á kú. Ẹni tí kò pe ènìyàn kò lẹ́kọ̀ọ́, ẹni tí wọ́n pè tó sì bọwọ́ sí i kò lẹ́kọ̀ọ́ pẹ̀lú. Ilé ni wọ́n ti ń kọ́ wa. Ta ló kọ́ òkun? Ó mọ àgò ní kíké, wọn ò kọ́ ọ ní á gbabire. Ẹyin lohùn, Láwóyin sì ti fọ́ ọ.

Òkun wọlé. Kò pariwo. Ó jókòó sáàárín wa, ó jẹ ẹja, ó jẹ àwo tó gbé ẹja, ó jẹ ẹní tí a jókòó lé. Ó jẹ ilé ìdáná. Ó jẹ ilé. Èmi àti Láwóyin ti wà lórí igi àgbọn nígbà náà, ọdẹ tó gbọ́n ló ń pẹ́ láyé. Nígbà tí Àwẹ̀ró fi máa sáré dé, omi ti kan ẹsẹ̀ ibojì Àníkẹ́. Ó dúró síwájú ibojì náà, omi dé orúnkún rẹ̀, ó ní, "Ènìyàn ń bẹ níbí." Òkun ní òun mọ̀, ènìyàn ló pe òun wá jẹun. Àwẹ̀ró ní oúnjẹ tí wọ́n pè é sí ti tán. Òkun wò yíká, ó ní òótọ́ ni. Ó ní oúnjẹ náà dùn, kí á bá òun dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó sè é, ó sì padà sẹ́yìn. Ohun tó ti jẹ kò dá a padà.

Láwóyin sunkún títí òtútù fi mú un. Ó ní kí Àwẹ̀ró máa bá mi lọ, òun á dúró, òun á máa dá òkun lóhùn títí òun á fi kú. Àwẹ̀ró ò bínú sí i. Ó ní, "Láwóyin, o ò lè ṣe é. Kí oṣù mìíràn tó lé, wàá tún pè é wá jẹun." Òótọ́ ni, òun náà sì mọ̀. Èmi ò ní màá dúró. Mo ní ìyàwó, mo ní ọmọ, mo ní ajá, mi ò sì fẹ́ parọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Àwẹ̀ró lọ jókòó sáàárín ibojì méjèèjì. Ibẹ̀ ló wà tí òkun fi tún kágò, ibẹ̀ ló ti dá a lóhùn, kò dìde. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó pè wá.

Ó ní, "Ó ti pẹ́ tí mo ti ń lé e padà, mi ò mọ̀ pé ó lè dúpẹ́. Ọjọ́ tí mo bá kú síbí, á kágò, kò ní sí ẹni tó máa fọhùn. Á wọlé bí ẹni tó wọ ahoro, kò ní mọ̀ pé ènìyàn wà nílẹ̀ níbẹ̀. Bó pẹ́ bó yá, á kó wọn. Ó sàn kí n fọwọ́ ara mi fi wọ́n lé e lọ́wọ́, kí ó mọ ẹni tó gbà sílé."

Mo lọ bá a ṣa igi ìdáná.

Ó wa kókò tó kù nínú ilẹ̀, ó sè é pẹ̀lú ẹja, ó fún omi àgbọn sí i. Ó bu tiwa fún wa. Ó bu ti Òkunlọlá, ó gbé e sí orí ibojì rẹ̀. Ó bu ti Àníkẹ́, ó yọ egungun inú ẹja rẹ̀ kúrò kó tó gbé e kalẹ̀. Ó bá wọn sọ̀rọ̀. Mi ò gbọ́ ohun tó sọ, mi ò sì tẹ́tí. Lẹ́yìn náà ó ní kí a lọ dúró de òun lórí ẹ̀yìn àbùùbùtán tó gbé wa wá.

Omi kún. Òkun ní, "Àgò onílé o."

Àwẹ̀ró kúnlẹ̀. Ó ní, "Àgò yà. Ọkọ mi rèé, Òkunlọlá ni wọ́n ń jẹ́. Ọmọ mi rèé, Àníkẹ́. Ẹ wọlé, ẹ wá bá wọn jẹun."

Òkun wo ibojì méjèèjì. Ó ní, "Ẹ ṣeun." Ó rọra wọlé, ó ń bọ̀ ní ẹsẹ̀ ẹsẹ̀, ó dúró kí Àwẹ̀ró dìde, kí ó rìn kọjá nínú rẹ̀ wá bá wa. A fà á gun ẹ̀yìn àbùùbùtán. Kò bojú wẹ̀yìn, èmi ni mo ń wò ó fún un, títí ó fi ku orí igi àgbọn, títí orí igi àgbọn náà ò fi sí mọ́. Mo sunkún. Ẹni tó bá fẹ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, kó fi mí ṣe é.

Mi ò ní fi ìrìn àbọ̀ sú yín. Ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n. Ẹlẹ́numéjì rí Láwóyin lọ́ọ̀ọ́kán, ó sá wọ inú ihò.

A bá ìyá wa láàyè. Ó ti gbẹ, kò ríran mọ́ rárá, ṣùgbọ́n ó gbọ́ ẹsẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó na ọwọ́. Àwẹ̀ró kúnlẹ̀ sínú ọwọ́ náà. Ìyá fọwọ́ kàn án lójú, ó fọwọ́ kàn án léjìká, ó ka ìka ọwọ́ rẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ti ń ka ti ọmọ tuntun. Kò pariwo, kò kọrin. Nígbà tó tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí kí i bí a ti ń kí ẹni tó ti ọ̀nà jíjìn dé.

Ó ní, "Ará ilé ńkọ́?"

Àwẹ̀ró ní, "Wọ́n wà, Ìyá."

"Ọkọ rẹ ńkọ́?"

"Wọ́n wà."

"Ọmọ mi ńkọ́, Àníkẹ́?"

Mo wo ilẹ̀. Láwóyin wo àjà. Bí wọ́n bá ti béèrè ará ilé lọ́wọ́ ẹni, "wọ́n wà" ni ẹnu máa ń kọ́kọ́ sọ, bí ilé tilẹ̀ ń jó; ṣùgbọ́n kí ẹnu tó sọ ti ẹlẹ́ẹ̀kẹta yìí, ó pẹ́.

Àwẹ̀ró ní, "Ó wà, Ìyá. Àwọn méjèèjì ní kí n kí yín."

Ojú ìyá wa tú ká. Ó ní, "Èèyàn rere ni wọ́n, tí wọ́n yọ̀ǹda rẹ fún mi. Bí o bá padà dé ọ̀hún, bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn."

"Wọ́n á gbọ́, Ìyá."

Ìyá Àwẹ̀ró gbé orí lé itan ọmọ rẹ̀, ó sùn, kò sì jí mọ́. Àwẹ̀ró ò sunkún nígbà tí òkun wọlé, kò sunkún ní gbogbo ojú ọ̀nà. Ìgbà yẹn ló wá sunkún, ó sì sun ún fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀.